Igi Tó Kú Tí Kò Ṣubú: Ọjọ́ Mẹ́jọ ní Nàmíbíà

Fọ́tò ìgbéyàwó ni mò ń yà jẹun ní Ìbàdàn. Bí ẹ bá dé òde àríyá tí ẹ rí ọkùnrin kan tó ń fẹ̀yìn rìn níwájú ìyàwó, tí onígángan ń fi igunpá sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́, èmi ni, tàbí ẹlẹgbẹ́ mi. Nínú iṣẹ́ tiwa, kò sí fọ́tò tí kò ní èèyàn. Kódà bí mo bá fẹ́ ya kéèkì nìkan, ìyá ọkọ á ti ki gèlè bọ inú rẹ̀.

Fọ́tò kan tí kò ní èèyàn ló gbé mi dé Nàmíbíà. Frans Lanting ló yà á, ìwé ìròyìn National Geographic sì gbé e jáde lọ́dún 2011. Igi dúdú mélòó kan ni, wọn ò léwé, wọ́n dúró lórí ilẹ̀ aláwọ̀ aró tí omi ti là, ẹ̀yìn wọn sì pọ́n bí epo pupa. Mo búra lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i pé ẹnì kan ló jókòó kùn ún. Ìgbà tí mo wá mọ̀ pé fọ́tò ni, tí mo sì mọ̀ pé Deadvlei ni orúkọ ibẹ̀, ní Nàmíbíà, ara mi ò balẹ̀ mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Windhoek, wọ́n sì ti ń pè mí wá tipẹ́. Mo kó kámẹ́rà méjì, lẹ́ǹsì mẹ́ta, gàrí Ìjẹ̀bú kóńgò mẹ́rin, ó di ọ̀nà.

Alaalẹ́ ni mò ń kọ èyí sínú fóònù. Ẹ má retí pé gbogbo ọjọ́ á gùn bákan náà.

Ọjọ́ kìíní: Windhoek

Pápákọ̀ òfurufú wọn jìnnà sí ìlú, ó tó 45 kìlómítà, koríko gbígbẹ lásán ló sì wà láàárín. Oṣù kẹfà ni, ìgbà òtútù wọn nìyẹn. Àǹtí mi mú kóòtù méjì wá pàdé mi, wọ́n sì fi ọ̀kan wọ̀ mí bí ìgbà tí mo wà ní jẹ́lé-ó-sinmi. "Ṣé o rò pé Ìbàdàn lo ṣì wà ni?"

Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbà wakọ̀ níbí, bí àwa náà ṣe ń gbà á kó tó di oṣù kẹrin ọdún 1972. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gba ọwọ́ ọ̀tún kí a tó dé ilé. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni Àǹtí mi ké pe Jésù.

A gba jíìpù tí a háyà. Táyà sípía méjì ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo bi wọ́n pé kí la fẹ́ fi méjì ṣe. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọn ò dáhùn.

Ọjọ́ kejì: Windhoek sí Sesriem

Mo ti mọ ohun tí a fẹ́ fi méjì ṣe.

Ọ̀nà ọ̀dà kì í bá wọn dé ibi gbogbo. Òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi ṣe èyí tó pọ̀ jù, ẹsẹ̀ ọkọ̀ sì ti sọ ojú rẹ̀ di jágajàga bíi páànù ìkọ́lé. Bí o bá rọra wà á, ó ń gbọ̀n ẹ títí eyín á fi máa ho. Bí o bá sáré, ọkọ̀ á fẹ́ máa lọ síbi tó wù ú. Kí a tó dé Solitaire ni táyà ẹ̀yìn tú. Mo ń wá ibi tí màá ti jáàkì bọ̀ nígbà tí ọkọ̀ kan dúró, bàbá arúgbó kan àti ìyàwó rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, wọn ò tiẹ̀ bi wá bóyá a fẹ́ ìrànlọ́wọ́. Bàbá náà kàn mú sípánà lọ́wọ́ mi. Àǹtí mi ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe lójú ọ̀nà níbí, torí bí o bá kọjá lára ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bàjẹ́, wákàtí méjì lè kọjá kí ẹlòmíràn tó dé.

Solitaire fúnra rẹ̀ kò ju ilé epo, ilé búrẹ́dì àti ibùsùn àlejò lọ. Ohun tí gbogbo èèyàn ń yà níbẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ àtijọ́ tó ti dógùn-ún sínú iyanrìn, kákítọ́ọ̀sì yọ jáde lára wọn. Àwọn òyìnbó dọ̀bálẹ̀ gbalaja torí kí wọ́n lè yà á dáadáa. Mo ya mẹ́ta, mo kúrò ńbẹ̀. Irú ọkọ̀ yẹn ṣì ń kó èrò láti Bẹẹrẹ lọ sí Mọ́kọ́lá.

Inú géètì Sesriem, ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lọ sí Deadvlei, la sùn sí, nínú àgọ́. Òtútù yẹn, màá sọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn.

Ọjọ́ kẹta: Deadvlei, ìgbà àkọ́kọ́

Géètì méjì ló wà. Àwọn tó sùn síta ń dúró dìgbà tí oòrùn bá yọ kí wọ́n tó ṣí i fún wọn. Àwọn tó sùn sáàárín géètì méjèèjì, bíi tiwa, lè jáde ṣáájú wọn ní nǹkan bíi wákàtí kan. Torí wákàtí kan yẹn la ṣe san owó tó pọ̀ lórí ilẹ̀ tí a sùn. Èmi ni mo sì sọ ọ́ nù.

60 kìlómítà ni ọ̀nà ọ̀dà láti géètì. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ẹ̀gbẹ́ òsì, òkè iyanrìn ni, wọ́n dúdú lókùnkùn bí ẹranko tó sùn. Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ Dune 45 torí pé ó wà ní kìlómítà 45 sí géètì. Níbi tí ọ̀dà ti parí, iyanrìn bẹ̀rẹ̀, ó ku kìlómítà mẹ́rin sí márùn-ún. Àkọlé wà níbẹ̀ pé kí èèyàn tú atẹ́gùn táyà kù. Àǹtí mi kà á sókè. Mo ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀, pé mo ti wakọ̀ ní Olódó nígbà òjò.

A ò tíì rìn jìnnà tí iyanrìn fi gbé táyà mì dé ìdajì. Bí mo ṣe ń tẹ epo ló ń rì sí i. Oòrùn yọ lójú wa níbẹ̀, ó rẹwà, mi ò sì lè wò ó. Nígbà tó pẹ́, awakọ̀ kan tó ń fi ọkọ̀ ńlá gbé àlejò wọlé dúró. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi igi kékeré tẹ imú táyà kọ̀ọ̀kan, ṣíìì, títí ó fi rọ̀ pẹ̀sẹ̀. Ó wọlé sínú ọkọ̀ wa, ó wà á jáde bí ẹni wakọ̀ jáde nínú ọgbà ilé rẹ̀. Táyà tó rọ̀ ń fẹ̀ sórí iyanrìn ni, bí àtẹ́lẹsẹ̀ ràkúnmí. Èyí tó le ń gbẹ́lẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni gbogbo rẹ̀ ìbá gbà mí lójú ọ̀dà.

Láti ibi tí a gbé ọkọ̀ sí, ẹsẹ̀ la fi rin nǹkan bíi kìlómítà kan. Nígbà tí a dé Deadvlei, oòrùn ti wọ gbogbo rẹ̀. Ilẹ̀ náà funfun bí ẹfun, ó ń ta sójú. Mo wo ibi tí aró wà nínú fọ́tò Lanting, mi ò rí aró. Èèyàn kún ibẹ̀, ẹnì kan ń fo sókè kí ìyàwó rẹ̀ lè yà á lófuurufú.

Nígbà tí kò sí ohun tí mo lè yà, mo lọ wo igi. Bóyá ìyẹn ló tiẹ̀ dáa jù tí mo ṣe lọ́jọ́ náà. Ara wọn gbẹ bíi kúndi, ó là ní ìlà gígùn gígùn. Ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbá jù dán bí ẹ̀yìn ṣíbí igi. Láti òkèèrè, dúdú ni. Ní tòsí, àwọ̀ ilẹ̀ ni, bí obì tó ti pẹ́. Odò kan tó ń jẹ́ Tsauchab máa ń ya dé ibẹ̀ láyé àtijọ́, ìyẹn ni igi fi hù. Nígbà tó yá, ọ̀dá dé, iyanrìn sì dí ọ̀nà odò. Igi náà ti kú láti nǹkan bíi 600 sí 700 ọdún, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gbẹ débi pé kò sí ọ̀rinrin tí yóò mú un rà. Ó kàn dúró síbi tó kú sí. Ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ sán bí ògì tó gbẹ sínú abọ́. Wọn ò gbà kí èèyàn gùn ún tàbí kó fara tì í, síbẹ̀ mo rí àwọn méjì tó ń fara tì í.

Àǹtí mi ní kí n ya àwọn. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, fọ́tò tí kò ní èèyàn ni mo wá yà. Wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Ìwọ ọmọ yìí, ta ló san owó epo?"

Ọjọ́ kẹrin: Deadvlei, ìgbà kejì

Mo tú atẹ́gùn táyà lójú ọ̀dà. Ẹnikẹ́ni ò bá mi sọ̀rọ̀ nígbà tí mò ń tú u.

A dé nígbà tí ibẹ̀ ṣì wà nínú òjìji pátápátá. Ìka mi ti kú, bátìrì kámẹ́rà pàápàá ń yára lọ sílẹ̀ nítorí òtútù. Mo fi èyí tó kù sábẹ́ abíyá. Mo gbé ẹsẹ̀ kámẹ́rà kalẹ̀ ní etí ilẹ̀ funfun náà, jìnnà sí igi. Mo ti rò ó lóru: Lanting ò lè sún mọ́ igi. Lẹ́ǹsì gígùn ló ń fa òkè ẹ̀yìn wá sítòsí, débi pé ojú ọ̀run á yọ kúrò, kìkì iyanrìn á sì di aṣọ ìkélé lẹ́yìn igi. Mo fi lẹ́ǹsì 200 mílímítà sí i. Ọ̀run yọ kúrò lóòótọ́.

Ìmọ́lẹ̀ kọ́kọ́ kan orí òkè iyanrìn tó kọjú sí ìlà-oòrùn, ó wá ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹ ò lè rí i bó ṣe ń sọ̀. Bí ẹ bá gbójú kúrò tí ẹ tún wò ó ni ẹ máa mọ̀ pé ó ti sún. Ilẹ̀ tí igi dúró sí ṣì wà nínú òjìji òkè tó wà lẹ́yìn wa. Oòrùn ò tíì dé ibẹ̀, ojú ọ̀run nìkan ló ń tàn án, ojú ọ̀run sì jẹ́ búlúù. Ibẹ̀ ni aró ti wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo ẹ̀yìn kámẹ́rà, eérú ni mo rí. Kámẹ́rà ti bá mi "tún un ṣe", bó ṣe ń bá mi tún iná gbọ̀ngàn àríyá ṣe kí aṣọ funfun ìyàwó lè funfun. Mo yọ ètò àwọ̀ rẹ̀ kúrò lórí ọ́tò, mo gbé e sí ti oòrùn ọ̀sán. Aró náà padà.

Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ dé ìdí òkè, tó kù díẹ̀ kó bọ́ sílẹ̀ funfun, gbogbo rẹ̀ dúró bó ṣe wà nínú fọ́tò ọ̀hún. Kódà mo rí àwọn àmì tóótòòtó tí mo máa ń rò pé wọ́n ta síbẹ̀ ni. Koríko ni, tó hù káàkiri lára òkè, tí oòrùn mú un funfun. Kò pẹ́ rárá. Mo ya bíi ọgọ́ta, mo sì mọ̀ pé bákan náà ni gbogbo wọn, ọwọ́ ìgbéyàwó ni ò jẹ́ kí n dáwọ́ dúró.

Ibẹ̀ ni Àǹtí mi ti bọ́ kóòtù sílẹ̀. Ìró àti bùbá àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni wọ́n wọ̀ sábẹ́ rẹ̀, èyí tí Mọ́mì fi ránṣẹ́ láti Abẹ́òkúta. Wọn ò sọ fún mi. Wọ́n kàn ń rìn lọ láàárín igi, lápá òkèèrè, bí ẹni ń lọ sọ́jà. Mo fẹ́ pariwo. Mo wò wọ́n nínú kámẹ́rà, ẹnu mi pa dé. Wọn ò tóbi ju hóró ẹ̀wà lọ. Gbogbo fọ́tò Deadvlei tí mo ti wò láti ọjọ́ yìí wá, kò sí èyí tó sọ fún mi bí igi yẹn ṣe ga tó, àti bí òkè ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe ga tó. Mo ti ń fojú inú wò ó bí igi gbágùúdá. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan péré. Aró tòótọ́ lórí aró ojú ọ̀run, pupa lẹ́yìn wọn.

Oòrùn bọ́ sílẹ̀, ó tán.

Àwọn ọ̀dọ́ kan ń gun Big Daddy, òkè iyanrìn tó ga tó 325 mítà. A jókòó sí ìsàlẹ̀, a ń jẹ mọ́ínmọ́ín tútù, a ń kà wọ́n bí wọ́n ṣe ń jókòó sinmi.

Ọjọ́ karùn-ún: Sesriem sí Aus

Ìrìn gbogbo ọjọ́. Eruku. Orin Ebenezer Obey látòwúrọ̀ dalẹ́, torí òun nìkan ló wà nínú fóònù Àǹtí mi.

Lẹ́bàá Aus, ní Garub, ẹṣin wà tí kò ní olówó, wọ́n ń gbé nínú aṣálẹ̀. Ẹṣin àwọn ọmọ ogun Jámánì àti ti Gúúsù Áfíríkà tó ṣáko lọ nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní wà lára ìran wọn. Wọ́n kọ́ ibi tí èèyàn lè jókòó sí wò wọ́n níbi omi. Mo retí ẹṣin tó ń fi gọ̀gọ̀ fẹ́ afẹ́fẹ́. Mẹ́rin ló wá, egungun ìhà wọn yọ síta, wọ́n mumi, wọ́n lọ. Mo yà wọ́n bí wọ́n ṣe rí.

Ọjọ́ kẹfà: Kolmanskop àti Lüderitz

Bí ẹ bá ti rí fọ́tò yàrá kan tí iyanrìn kún dé ìdajì ilẹ̀kùn, tí ògiri rẹ̀ jẹ́ búlúù tàbí pupa tó ń ṣí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Kolmanskop. Àwọn ará Jámánì ló kọ́ ọ nítorí dáyámọ́ǹdì: ilé ìwòsàn, gbọ̀ngàn ijó, ibi tí wọ́n ti ń ṣe áìsì nínú aṣálẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí èyí tó tóbi jù lápá gúúsù lọ́dún 1928, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kó lọ. Nígbà tó fi di 1956, kò ku ẹnì kan. Iyanrìn wá wọlé.

Ó rọrùn láti ya fọ́tò tó dáa níbẹ̀, mo rò pé ó tiẹ̀ rọrùn jù. Fèrèsé ti gbé ìmọ́lẹ̀ kalẹ̀ fún ẹ, ilẹ̀kùn ti ṣe férémù fún ẹ. Ibi tí ẹ̀mí mi dúró sí ni ilẹ̀ yàrá kan ní òkè ilé ìwòsàn, níbi tí mo ti rí ẹsẹ̀ ẹranko lórí iyanrìn. Ìkookò kan tó nírun gígùn, aláwọ̀ ilẹ̀, máa ń gba ìlú yìí kọjá lóru. Wim van den Heever, ará Gúúsù Áfíríkà, fi ọdún mẹ́wàá dẹ kámẹ́rà sílẹ̀ fún un kó tó rí èyí tó fẹ́: ìkookò náà dúró níwájú ilé òfìfo nínú kùrukùru. Fọ́tò yẹn ló gba ẹ̀bùn àgbà nínú ìdíje Wildlife Photographer of the Year ti ọdún 2025 ní London. Ọdún mẹ́wàá! Ìyàwó kì í fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ẹni tó rí dáyámọ́ǹdì àkọ́kọ́ níbẹ̀ lọ́dún 1908 ni Zacharias Lewala, òṣìṣẹ́ ojú irin, aláwọ̀ dúdú bíi tiwa. Iyanrìn ló ń fi ṣọ́bìrì kó kúrò lójú irin. Ó ti ṣiṣẹ́ rí ní Kimberley, ìlú dáyámọ́ǹdì ní Gúúsù Áfíríkà, ìyẹn ló jẹ́ kó dá òkúta náà mọ̀. Ó mú un fún ọ̀gá rẹ̀, August Stauch. Stauch di olówó. Lewala ò gba nǹkan kan. Mo yà yàrá púpọ̀ lọ́jọ́ náà, ilé ọ̀gá, ilé dókítà, ilé olùkọ́. Nígbà tó yá ni mo wá rí i pé gbogbo ilé tí mò ń yà, kò sí èyí tí irú Lewala lè sùn sí.

Lọ́sàn-án a lọ sí Lüderitz, afẹ́fẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ilẹ̀kùn ọkọ̀ lọ. Shark Island wà níbẹ̀, ilẹ̀ òkúta tó yọ sínú òkun, iná atọ́nà ọkọ̀ ojú omi lórí rẹ̀, ó dára láti yà. Àwọn àlejò pàgọ́ síbẹ̀. Láàárín 1905 sí 1907, àgọ́ tí ìjọba Jámánì kó àwọn ẹ̀yà Herero àti Nama, ọmọ ilẹ̀ náà, sí ni, ọ̀pọ̀ nínú wọn kú síbẹ̀ lọ́wọ́ òtútù, ebi àti iṣẹ́ agbára. Òkúta ìrántí Cornelius Fredericks, olórí Nama kan tó kú síbẹ̀ lọ́dún 1907, wà níbẹ̀. Ọdún 2021 ni Jámánì tó pe ohun tí wọ́n ṣe ní orúkọ rẹ̀: ìpẹ̀yàrun. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n Shark Island wà lára àwọn tí wọ́n fipá mú ṣe ojú irin tó gba Kolmanskop lọ sínú ilẹ̀, ojú irin kan náà tí Lewala ń kó iyanrìn kúrò lórí rẹ̀.

Àǹtí mi dúró níwájú òkúta náà, wọ́n ń gbàdúrà wúyẹ́wúyẹ́. Lẹ́yìn wọn, ọkùnrin kan ń yan sọ́sééjì. Mo gbé kámẹ́rà sókè, mo tún gbé e sílẹ̀, mo tún gbé e sókè. Mo yà á. Mi ò tíì fi han ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ keje: Igbó Igi Apó, Keetmanshoop

Ọ̀dà ni gbogbo ọ̀nà, ó lé ní 300 kìlómítà. Mo sùn.

Ìbátan aloe vera ni igi yìí, àmọ́ ó di igi ńlá, ẹ̀ka rẹ̀ ń pín sí méjì méjì títí dé orí. Àwọn ọdẹ San máa ń họ inú ẹ̀ka rẹ̀ jáde kí wọ́n fi ṣe apó ọfà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní igi apó. Wọ́n tó nǹkan bíi 250 lójú kan, láàárín òkúta dúdú, ìjọba sì ti dá ààbò bò wọ́n láti 1955.

Òru ni wọ́n ń yà á. Ìràwọ̀ ń rìn, tàbí ká sọ pé ayé ló ń yí. Bí kámẹ́rà bá lajú ju nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú àáyá lọ, ìràwọ̀ á fà bí òwú. 15 ni mo fi sí i. Igi wá dúdú jù, ni Àǹtí mi bá fi bébà ìnujú bo iná fóònù, wọ́n dúró lẹ́yìn òkúta, wọ́n ń tàn án fún un: "Ení, èjì, ó tó." Bí wọ́n bá tàn án dé ẹ̀ta, igi á dà bí èyí tí wọ́n fi lẹ́ẹ̀dì ṣe. A ṣe é ní ìgbà méjìlélógún.

Ní nǹkan bí aago márùn-ún ìdájí, mo rí àbààwọ́n funfun méjì nínú fọ́tò. Mo nu lẹ́ǹsì. Wọ́n ṣì wà ńbẹ̀. Mo tún un nù, mo fi èémí sí i. Àǹtí mi na ìka sókè, wọ́n ní ojú ọ̀run ni kí n lọ nù. Àgbájọ ìràwọ̀ méjì ni, tí a ń pè ní Magellanic Clouds, bí ìkúùkù kékeré méjì tó já kúrò lára ọ̀pọ̀ ìràwọ̀ yòókù. Mi ò lè rántí pé mo rí wọn rí nílé. Àǹtí mi ní bí NEPA bá mú iná lọ ní Ìgbẹ́tì nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé, bí ìràwọ̀ ṣe máa ń pọ̀ nìyí, ṣùgbọ́n ìyà àìníná ni àwọn ń kà nígbà yẹn.

Ọjọ́ kẹjọ: Padà sí Windhoek

Ó tó 480 kìlómítà, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀, a dúpẹ́. Táyà sípía kejì ò ṣiṣẹ́ kankan.

Lálẹ́, Mọ́mì pè wá lórí WhatsApp láti Abẹ́òkúta. Mo fi fọ́tò Deadvlei ránṣẹ́ sí wọn, èyí tí kò ní èèyàn, èyí tí mo tìtorí rẹ̀ wá.

"Ṣé iná ló jó wọn ni?"

"Rárá, Mọ́mì, gbígbẹ ló gbẹ. Ó ti tó ẹgbẹ̀ta ọdún tí wọ́n ti kú."

Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. "Ẹgbẹ̀ta ọdún. Tí ẹnikẹ́ni ò gé e dáná?"

Àǹtí mi gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n fi èyí tó ní àdìrẹ ránṣẹ́. A gbọ́ bí Mọ́mì ṣe ń pe àwọn ará ilé kí wọ́n wá wò ó. Wọ́n ní aṣọ àwọn nìyẹn, Ìtòkú ni àwọn ti rà á, kí n tẹ̀ ẹ́ jáde ní ńlá, kí n fi férémù sí i, kí n má sì gbàgbé láti gba owó férémù lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi.

Lẹ́ǹsì gígùn mi ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ bí mo bá yí i, iyanrìn ti wọ̀ ọ́. Mo ní ìgbéyàwó ní Mọ̀létè lọ́jọ́ Sátidé.